Ìgbà Wo Lo Ti Mọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá, pàápàá àwa tí a wà nílùú òyìnbó, máa ń sọ nínú yàrá, tí a kì í gbé dé pálọ̀. Ó kan ọ̀dọ́ tó ti lé lógún ọdún, tó wà ní yunifásítì tàbí tó ti parí, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé obìnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí, tàbí ọkùnrin bíi tòun, tàbí tọkùnrin tobìnrin. Bó bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ìgbà wo lo ti mọ̀?

Bó bá dáhùn pé láti kékeré ni, wọ́n lè bínú, wọ́n lè sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n á gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Bó bá ní èṣín lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ọ̀rọ̀ á di ẹjọ́. Wọ́n á ní ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ló kó. Wọ́n á ní fóònù ló kọ́ ọ. Wọ́n á ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ṣé kò yẹ kó ti mọ̀ tipẹ́? Ọmọ náà pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóru. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀: pípẹ́ tí ènìyàn pẹ́ kó tó mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí kì í ṣe ẹ̀rí pé irọ́ ló ń pa, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló kó o ràn án.

Ní 2013, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew Research Center ní Amẹ́ríkà fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 1,197 lẹ́nu wò, àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní gay (ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin), lesbian (obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin), bisexual (ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí tọkùnrin tobìnrin) tàbí transgender (ẹni tí kò rí ara rẹ̀ bí ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n pè é nígbà ìbí). Wọ́n bi wọ́n ní ọjọ́ orí tó kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn pé àwọn lè yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Bí a bá to gbogbo ìdáhùn náà láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, ọdún 12 ló bọ́ sí àárín. Àwọn tó ti wá dá lójú pátápátá, ọdún 17 ló bọ́ sí àárín fún tiwọn. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ là á fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, ọdún 20 ni. Ẹ má jẹ́ kí á tètè kúrò lórí 17 yẹn. Bó bá jẹ́ òun ló wà láàrin, a jẹ́ pé àwọn tó kọjá 17 kí ó tó dá wọn lójú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹni tó mọ̀ ní 22 tàbí 25 kì í ṣe ẹni ọ̀tọ̀. Ìwádìí kan náà tún fi hàn pé ó sábà máa ń tètè yé àwọn ọkùnrin ju àwọn obìnrin lọ: fún àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, ọdún 10 ni àárín ìgbà tí ó kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn, fún àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ọdún 13 ni.

Ara máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ní 1996, àwọn onímọ̀ méjì, Martha McClintock àti Gilbert Herdt, kọ̀wé pé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni àwọn ènìyàn sábà máa ń rántí pé ẹnì kan kọ́kọ́ wù wọ́n, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Wọ́n so ó mọ́ àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn ṣáájú kí ọyàn tó yọ tàbí kí ohùn tó wú. Ṣùgbọ́n kí nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú ara yàtọ̀ sí kí ẹni tó ni ara mọ ohun tó ń ṣe é. Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Ọmọbìnrin pé ọdún mẹ́rìnlá, ìyá rẹ̀ pè é jókòó: "Bí mo bá rí ìwọ àti ọmọkùnrin kankan, èmi àti ẹ ni. Kọjú sí ìwé ẹ." Ọmọ kọjú sí ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin lábẹ́ tábìlì, òun kò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan, nítorí kò wù ú. Kí ni ilé ń sọ? "Ọmọ mi gbọ́n, kò rí ti ọkùnrin rò." Wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì; bó bá jẹ́ ọmọ mùsùlùmí, àwọn ìyá ní ilé kéú ń yìn ín fún ìtìjú rẹ̀. Ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá ni gbogbo ayé ń yìn ín fún. Òun náà sì gbà pé ìwà rere ni. Ta ni wọ́n á máa yìn lójoojúmọ́ tí yóò jókòó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí nǹkan tó ń nira fún àwọn ẹgbẹ́ òun fi rọrùn fún òun tó báyìí?

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ó ti gboyè, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá kan náà yí ohùn padà: "Ṣé kò sí ẹni tí o máa mú wá ká rí ni? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti ń gbọ́mọ pọ̀n." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kó má ṣe é títí di ọjọ́ tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tí kò tíì ṣe é, kò sí ẹnì kan tó bi í rí pé, ta ló wù ẹ́? Mo ti ronú lórí èyí gan-an, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdún tó sọnù wọ̀nyí ń gbà lọ. A kì í fún ọmọ láàyè kankan láti wo inú ara rẹ̀. Ọ̀nà tààrà kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ìwé, iṣẹ́, ọkọ, ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà náà kó tó mọ̀ pé ìrìn lòun ń rìn.

Ọmọkùnrin ní tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọmọge, òun náà ń sọ ọ́. Ó ní ọ̀rẹ́bìnrin, ó ń fún un lẹ́bùn, ó ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn nínú bí àwọn yòókù ṣe ń wí, ṣùgbọ́n ó rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo ọkùnrin nìyẹn, pé wọ́n kàn ń bù mọ́ ọn ni. Kí ló fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Inú ara tirẹ̀ nìkan lòun tíì gbé rí.

Akéwì obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Adrienne Rich, kọ àròkọ kan lórí irú ọ̀nà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ní 1980. Òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ ọkọ ní 1953, ó bí ọmọkùnrin mẹ́ta, kó tó wá di pé láti 1976 òun àti òǹkọ̀wé obìnrin kan tó ń jẹ́ Michelle Cliff jọ ń gbé títí Rich fi kú ní 2012. Ohun tó sọ nínú àròkọ náà ni pé ayé ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún obìnrin, ó sì ti fi gbogbo ohun mìíràn pamọ́ fún un, débi pé a kò lè sọ pé ó yan ọ̀nà náà. Kò mọ̀ pé yíyàn wà. Ọ̀pọ̀ ló ti bá a jiyàn lórí apá kan àti òmíràn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ti èyí tí mo ń sọ lálẹ́ òní, mo gbà pé ó rí òótọ́.

Tí ọkàn tó ń fà sí ibòmíràn bá ṣòro láti rí, ọkàn tí kò fà sí ibì kankan wá ńkọ́? Àwọn ènìyàn wà tí ọkàn wọn kì í fà sí ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ní 2004, onímọ̀ kan ní Kánádà, Anthony Bogaert, ṣàyẹ̀wò ìdáhùn àwọn ará Britain tó lé ní 18,000, ó sì bá nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè lo ọdún gbọọrọ ní ríretí kí ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń sọ dé bá àwọn náà, kí wọ́n tó mọ̀ pé kò ní dé, àti pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, nítorí ohun kan wà nípa ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wọn tí ó yẹ ká sọ. Àwọn ọmọbìnrin wa máa ń sún mọ́ra. Wọ́n á jọ sùn lórí ibùsùn kan, wọ́n á jọ dirun, wọ́n á jọ dá aṣọ kan náà. Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ju ọ̀rẹ́ lọ. Àmọ́ nígbà mìíràn, ohun tí ọ̀kan nínú wọn ń pè ní ọ̀rẹ́ ti ju ọ̀rẹ́ lọ, kò sì mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ọkùnrin kan, inú òun bàjẹ́ fún oṣù méjì gbáko, ó ní nítorí pé ọkùnrin náà kò ní ìwà ni. Lisa Diamond, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Utah, ti kọ̀wé lórí irú ọ̀rẹ́ gbígbóná bẹ́ẹ̀. Ó sì wà nínú àwọn tó jẹ́ kí a mọ púpọ̀ lórí bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń yé ènìyàn ní díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí Diamond ṣe rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan lẹ́nu wò, àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní lesbian, tàbí bisexual, tàbí tí wọ́n ní àwọn kò tíì fẹ́ fún un lórúkọ. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kan kó lọ. Ó ń padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà ní ọdún díẹ̀ díẹ̀ síra wọn, títí ó fi pé ọdún mẹ́wàá, 79 nínú wọn sì wà pẹ̀lú rẹ̀ dé òpin. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló yí orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn padà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló yí i padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 2008, àkọlé rẹ̀ ni Sexual Fluidity.

Ẹni tó bá fi ìkánjú gbọ́ èyí á ní, ẹ ò rí i, wọn kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ fara balẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ ní ọdún àkọ́kọ́ pé tọkùnrin tobìnrin ni ọkàn àwọn ń fà sí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí ní ọdún kẹwàá. Ìfà ọkàn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Orúkọ ni wọ́n ń wá, èyí tó máa bá ara wọn mu, bí ìgbésí ayé sì ṣe ń fi nǹkan tuntun hàn wọ́n ni wọ́n ń tún un wọ̀n. Àwọn kan nínú wọn rí i pé ẹnì kan pàtó ló ṣí wọn lójú, tí kì í ṣe gbogbo obìnrin tàbí gbogbo ọkùnrin. Àwọn ìyẹn lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó mọ̀, nítorí bí ẹni náà kò bá kọjá níwájú wọn, kí ni wọn ìbá fi mọ̀?

Ohun mìíràn tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé a máa ń ka nǹkan mẹ́ta sí ẹyọ kan. Èkíní ni ibi tí ọkàn ń fà sí. Èkejì ni ẹni tí ènìyàn ti bá ní ìbálòpọ̀. Ẹ̀kẹta ni orúkọ tó ń pe ara rẹ̀. Ní 1994, Edward Laumann àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Chicago gbé ìwádìí ńlá kan jáde lórí àwọn ará Amẹ́ríkà 3,432, wọ́n sì béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, bíi mẹ́wàá ló ní ọ̀kan ó kéré tán nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó pe ara wọn ní gay tàbí bisexual kò tó mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó ti ní ọ̀rẹ́kùnrin rí, tó sì wá ní obìnrin ni ọkàn òun ń fà sí, kò tako ara rẹ̀. Kò sì pọn dandan kó padà sẹ́yìn lọ ba gbogbo ohun tó ti kọjá jẹ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá yé ènìyàn tán, ìrántí máa ń fẹ́ tún ìtàn kọ: gbogbo ọ̀rẹ́ àtijọ́ á wá dà bí olólùfẹ́, gbogbo ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́ á dà bí ẹ̀tàn. Ọ̀rẹ́ kan lè jẹ́ ọ̀rẹ́ lásán. Ọmọkùnrin tí o fẹ́ràn ní ọdún kejì ní yunifásítì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́.

Àwa tí a wà ní England tún ní ohun tiwa. Láti 1988 títí di 2003 ni òfin kan wà níhìn-ín tí wọ́n ń pè ní Section 28, tó ka á léèwọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti polongo ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ bẹ̀rù, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Peckham, London, ní 1985, gbogbo ilé ìwé rẹ̀ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama ló ṣe lábẹ́ òfin yẹn. Ilé kò sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kò sọ ọ́ àfi bí wọ́n bá fẹ́ bú u. Ilé ìwé ń bẹ̀rù láti sọ ọ́. Kí ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún kó tó rí ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó ń ṣe é mu, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu?

Ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales ni àkọ́kọ́ tí ìjọba máa béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbogbo àwọn tó ti pé ọdún 16, 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn jẹ́ gay, lesbian, bisexual tàbí irú rẹ̀ mìíràn. Láàrin àwọn tó wà ní 16 sí 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje. Àwọn kan ní ẹ wò ó, ó ń ràn ká láàrin àwọn ọmọdé. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dàgbà ní ìgbà tí ẹnu wà ní dídì ni èmi ń rí nínú àlàfo tó wà láàrin iye méjèèjì, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì rí ẹni bá sọ ọ́ títí di òní.

Ó wá ku ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí jù: bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣé kò ṣeé lé padà ni? Ìtàn ọkùnrin kan wà tó dáhùn èyí ju bí mo ṣe lè dáhùn rẹ̀ lọ. Robert Spitzer, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣíwájú nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ibẹ̀ yọ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin kúrò nínú ìwé àìsàn wọn ní 1973; Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1990. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún wá gbé ìwádìí jáde ní 2003 pé àwọn kan sọ fún òun pé ìtọ́jú ti yí ọkàn àwọn padà. Inú àwọn tó ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ dùn, wọ́n gbé e káàkiri. Ní 2012, Spitzer kọ̀wé láti tọrọ àforíjì ní gbangba: ohun tí àwọn ènìyàn sọ fún un lásán ló gbà, kò sí ọ̀nà tó lè fi mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní 2013, Exodus International, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Kristẹni tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà, ti ilẹ̀kùn. Olórí rẹ̀, Alan Chambers, ti sọ ṣáájú ìgbà náà pé ọkàn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí òun ti bá pàdé kò yí padà. Diamond náà ti ń bínú sí àwọn tó ń lo ìwádìí rẹ̀ láti sọ pé a lè fi ipá yí ènìyàn padà. Kí nǹkan yé ènìyàn sí i fúnra rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí kí ẹlòmíràn fi ipá tì í.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbàdúrà. N kò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ tipátipá fún ọmọ ọdún 23, pàṣán, gbígba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, fífi í ránṣẹ́ sí Nàìjíríà lórí irọ́ pé màmá àgbà ń ṣàìsàn, ìyà ni gbogbo ìyẹn. Bí ọmọ bá sọ fún yín, ẹ lè kàn ní, "Mo gbọ́. O ṣeun tí o sọ fún mi." Kò túmọ̀ sí pé ẹ ti gba ohun gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbé e sórí WhatsApp ẹbí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiyín láti pín.

Pípín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014 ní Nàìjíríà ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba tàbí tó wà nínú ẹgbẹ́ tó jẹ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi láti ilé, tàbí tí ẹ ń múra àtilọ lo ọdún nílé, ẹ ro ẹni tí ẹ máa sọ fún dáadáa. Ẹni tí kò sọ nítorí ààbò ara rẹ̀ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ẹni tó ní kó o yan orúkọ kan lálẹ́ òní. Àwọn obìnrin tí Diamond bá sọ̀rọ̀ lo ọdún mẹ́wàá, àwọn kan kò sì tíì yan rárá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rò pé ó yẹ kó tètè gbọ́: àfẹ́sọ́nà. Mo mọ bí ó ṣe ń rí. Wọ́n ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, àwọn ìyá ti yan àwọ̀ aṣọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Houston, ó wá ku oṣù mẹ́ta, ohun tó ti ń bẹ nísàlẹ̀ ọkàn rẹ wá yọ sójú. Ẹ̀rù á mú kó o ní kí ọjọ́ náà kọjá ná. Má ṣe é. Ẹni tó jókòó tì ọ́ níbi tábìlì náà ní ayé tirẹ̀ tó fẹ́ gbé, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan fẹ́ òun tọkàntọkàn. Sọ fún òun nìkan, lójúkojú, ní ibi tí ará kankan kò sí, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn òbí nípa ìdí tí ìgbéyàwó kò fi wáyé mọ́. Owó aṣọ ẹbí á ṣòfò, àwọn àgbà á bínú fún sáà kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó gbà á níbẹ̀ tẹ̀ síwájú, a ó sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, tí wọ́n ti bímọ, kí ó tó yé wọn.